Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ yín tó fẹ́ lọ ṣe IT, kí ló mú dání?

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ọjà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ yín la mú bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni. Ẹ fìdí kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ọmọ tẹ́ ẹ fi owó ata, owó aṣọ, owó ìránṣọ àti owó mẹ́káníìkì rán lọ sí Poli tàbí Yunifásítì, yóò wọlé lọ́jọ́ kan, yóò ní, “Màámi, wọ́n ní ká lọ wá ibi tá a ti máa ṣe IT o.” Ẹ̀yin á ní, “Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé owó iléèwé mìíràn tún ni?” Ọmọ á ní rárá, iṣẹ́ làwọn fẹ́ lọ kọ́ ní iléeṣẹ́. Ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ ó ní ó ṣeun, ọmọ mi ti ń di ọ̀gá nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó lo oṣù mẹ́rin tàbí oṣù mẹ́fà ní ọ́fíìsì ńlá, tí kò kọ́ ohunkóhun níbẹ̀ ju kó lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún ọ̀gá, kó gbé fáìlì láti yàrá kan sí èkejì, kó ṣe fọ́tòkópì, kò wọ́n ní àdúgbò wa. Ẹ lè bi èyí tó wà nítòsí yín léèrè. Owó ọkọ̀ ti lọ, àkókò ti lọ, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́.

Àwa ò sọ pé àwọn iléeṣẹ́ ò jẹ̀bi. Wọ́n jẹ̀bi tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń gbé bọ̀. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kí ọmọ yín kó lọ sí ibi IT, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìsọ̀ yín àti inú sọ́ọ̀bù yín ló wà.

KÍ NI IT YÌÍ GAN-AN?

Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Industrial Training Fund. ITF là ń pè é, ìlú Jos ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Nígbà tó di 1973, ITF gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SIWES. Èyí ni àwọn ọmọ sọ di IT lẹ́nu.

Ohun tó bí ètò náà kò le. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń jáde níléèwé, wọ́n mọ ìwé, wọn ò mọ iṣẹ́. Ọmọ tó kọ́ nípa ẹ̀rọ lè ya ẹ́ńjìnnì sórí ìwé kó rí rèǹtè-rente, ṣùgbọ́n ẹ gbé sípánà lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó tú u, á máa wò sùn-ùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọmọ kúrò nínú kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, kó lọ bá àwọn tó ń ṣe é.

Ètò náà ti rí òjò, ó ti rí ẹ̀rùn. Ní 1978, ITF pariwo pé agbára òun ò ká owó rẹ̀ mọ́. Ní 1979, ìjọba gbé e lé àjọ tó ń bójú tó Yunifásítì àti èyí tó ń bójú tó Poli lọ́wọ́. Ní 1984, ìjọba tún ní kó padà sọ́dọ̀ ITF, láti 1985 sì ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀.

Bó ṣe rí rèé. Ọmọ Poli àti ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ń lo oṣù 4. Ọmọ Yunifásítì ń lo oṣù 6. Ọmọ Poli tó bá sì ti gba ìwé ẹ̀rí ND tún máa ń lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó padà wá ka HND. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní logbook. Ojoojúmọ́ ni ọmọ gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó bá ṣe sínú rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò máa buwọ́ lù ú, olùkọ́ yóò sì wá láti iléèwé wá wo ọmọ náà. Ó ní máàkì o, kì í ṣe eré. Ọmọ tí kò bá ṣe é kò lè gboyè.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un, nítorí ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún òfin ITF ṣe ní 2011. Òfin náà ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa mú ₦1 wá sí àpò ITF nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tó bá fi san owó òṣìṣẹ́ lọ́dún. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wọ iléeṣẹ́ lọ láti béèrè àyè, kì í ṣe alágbe. Kó wọlé tìgboyà-tìgboyà, kó sì fi ọ̀wọ̀ kún un.

TA LÓ KỌ́ṢẸ́ NÍ OṢÙ MẸ́RIN?

Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì, ẹ̀yin wẹ́dà àti kápẹ́ńtà, ẹ dá wa lóhùn. Ta ni nínú yín tó kọ́ṣẹ́ ní oṣù mẹ́rin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kẹ́ ẹ tó gba fíríídọ̀ọ̀mù, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Ilẹ̀ lẹ gbá. Omi lẹ pọn. Irinṣẹ́ lẹ ń kó jáde láàárọ̀, tẹ́ ẹ ń kó wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹ ò tíì mọ orúkọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ṣé ẹ wá rí i? Oṣù mẹ́rin tí ọmọ Poli ní, ó kéré jọjọ. Bó bá jẹ́ ibi IT ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè dé ibi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ka owó, bí wọ́n ṣe ń wojú ọ̀gá mọ ohun tó fẹ́, ìgbà tó bá máa mọ̀ ọ́n, IT ti parí. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ tó ti kọ́ nǹkan wọ̀nyí láti ilé ni yóò fi oṣù mẹ́rin náà kọ́ iṣẹ́ gidi.

ỌMỌ MÉJÌ, IBI IṢẸ́ KAN

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ méjì ṣàpèjúwe. Ká ní ìmọ̀ oúnjẹ ni àwọn méjèèjì ń kọ́ ní Poli, iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan náà ló sì gbà wọ́n.

Ọmọ àkọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ fóònù. Bí wọn ò bá rán an níṣẹ́, kò ní dìde. Bí wọ́n bá rán an, á jẹ́ ẹ lọ́nà, á padà wá jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ ibi tó wúlò sí: òun ló máa ń lọ ra omi inú ọ̀rá fún wọn. Oṣù mẹ́rin á pé, á lọ.

Ọmọ kejì dúró ti bàbá tó ń po ìyẹ̀fun. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò fún?” Bàbá ní ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wú tó. Ọmọ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì dá èyí tí wọn ò rí tà padà, ọmọ yìí ń bá wọn kà á, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tọ ọ̀gá lọ. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Búrẹ́dì tó ń padà wálé lọ́jọ́ Mọ́ńdè pọ̀ ju ti ọjọ́ Fúráìdè lọ ní ìlọ́po méjì. Bóyá ká dín ti Mọ́ńdè kù díẹ̀.” Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rán an ní omi mọ́. Ọ̀gá ti mọ orúkọ rẹ̀.

Iléèwé kan náà ni wọ́n ti wá o, olùkọ́ kan náà ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kejì ti ń bá ìyá rẹ̀ ka ẹ̀kọ tó kù lórí igbá láti kékeré. Ó mọ̀ pé ọjà tó bá padà wálé, owó ni.

“KÍ ỌMỌ MI MÁ BAÀ JÌYÀ BÍI TÈMI”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa lórí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń sọ pé, “Èmi ló ń tajà kí ọmọ tèmi má baà tajà.” Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Ẹni tí òòrùn pa, tí òjò pa, kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti wọlé ìsinmi, ẹ ó ní kó jókòó sílé, kó máa kàwé, kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Bó bá yọjú sí ìsọ̀, ẹ ó fún un lówó oúnjẹ, ẹ ó ní kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìyà ọ̀tọ̀, ọgbọ́n ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù ẹrù gbígbé lẹ̀ ń bà, ẹ wá kó ọgbọ́n dànù mọ́ ọn. Kò di dandan kí ọmọ máa kiri lábẹ́ òòrùn. Kò sì yẹ kó pa iléèwé jẹ torí ọjà. Ohun tá à ń sọ ni pé, kí ọmọ tó ti tó ọdún 15, ọdún 16, máa fi ìsinmi rẹ̀ kọ́ ohun tó wà lórí yín.

Ìjọba gan-an mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ṣọ̀wọ́n. Ní 2006 ni wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo iléèwé gíga máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀. Ó dára. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ olómi, bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣe ọṣẹ tán, tí kò mọ bó ṣe máa tà á fún ẹni tí ò fẹ́ rà, iṣẹ́ ṣì kù. Apá tó kù yẹn, ọwọ́ yín ló wà.

Ẹ̀KỌ́ MÁRÙN-ÚN TÓ WÀ NÍNÚ ÌSỌ̀ YÍN

Ìkíní, ìwé owó. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ, ẹ ní kó máa kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ jẹ́ kó ṣírò èrè fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ ra ọṣẹ 12 ní ₦9,600, tí ọkọ̀ gba ₦600. Owó tó jáde lápò yín di ₦10,200. Ó túmọ̀ sí pé ọṣẹ kan dúró lé yín lọ́wọ́ ní ₦850, kì í ṣe ₦800. Bẹ́ ẹ bá tà á ní ₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦12,000 ló máa wọlé, èrè yín jẹ́ ₦1,800. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá gba àwìn ọṣẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sá lọ, ₦10,000 ló wọlé. Ọjà ti tán, ẹ sì ti pàdánù ₦200. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí ò ní gbàgbé láéláé. Bó bá dé ibi IT, tí wọ́n ní kó wo ìwé ọjà wò, kò ní máa wòkè.

Ìkejì, ẹnu àti etí. Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀ tí yóò fi rẹ́rìn-ín, tí yóò sì tún rajà. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ pé “kò gbà” láìjẹ́ pé oníbàárà lọ sí ìsọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró ti ọjà fún wákàtí méjì lóòjọ́, kẹ́yin jókòó sẹ́yìn. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má bú u níwájú èèyàn. Bí oníbàárà bá lọ tán, ẹ wá sọ fún un pé, “Báyìí ló yẹ kó o sọ ọ́.”

Ìkẹta, ojú àti ìbéèrè. Ọmọ iṣẹ́ tó já fáfá, ọ̀gá ò tíì la ẹnu tó ti na sípánà 13 sí i, torí ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Wọ́n ti mọ́ kí olùkọ́ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa wò, kí wọ́n sì máa béèrè: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é báyìí? Bí a bá ṣe é lọ́nà mìíràn ńkọ́? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìkẹrin, àdéhùn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fojú fo èyí o, àbí ká sọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Aṣọ ọdún tẹ́ ẹ ní ó máa jáde lọ́jọ́ Tọ́sìdè, tó wá jáde lẹ́yìn ọdún, ó ti lé oníbàárà lọ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi ìwé iṣẹ́ lé ọmọ yín lọ́wọ́. Kó máa kọ orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, ọjọ́ tó gbé e wá, iye tó san, àti ọjọ́ tó máa gbà á. Bó bá ku ọjọ́ méjì, kó rán yín létí. Ọmọ á kọ́ àdéhùn, ẹ̀yin náà á sì bọ́ lọ́wọ́ èébú oníbàárà. Ibi IT tí wọ́n ní kó dé ní aago mẹ́jọ, aago méje àbọ̀ ló máa bá a níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, ìdáwọ́lé. Ẹ fún ọmọ ní ₦5,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi. Ẹ má sọ ohun tó máa fi ṣe fún un. Ẹ ní, “Fi ṣòwò, kó o fi ìwé rẹ̀ hàn mí bí ìsinmi bá parí.” Bó bá ra kàlámù tà fáwọn ọmọ iléèwé, ó dáa. Bó bá din ẹ̀pà, ó dáa. Bó bá sì jẹ gbèsè, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ bá a jókòó, kẹ́ ẹ jọ wá ibi tí owó gbà lọ. Ọmọ tó ti pàdánù ₦2,000 níṣojú yín, tó sì mọ ìdí rẹ̀, ti ra ọgbọ́n ní owó pọ́ọ́kú.

BÍ ỌMỌ ṢE Ń WÁ ÀYÈ

Kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí IT bá ku ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ yóò máa sáré kiri. Bó bá ku oṣù mẹ́ta, kó ti kọ orúkọ ibi mẹ́wàá sílẹ̀, kó gba lẹ́tà níléèwé, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wo àwọn oníbàárà yín dáadáa. Ẹni tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ẹ̀ńjíníà. Ẹni tẹ́ ẹ ń bá tún mọ́tò ṣe lè ní iléeṣẹ́. Ẹ béèrè. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Bó bá débẹ̀ ńkọ́, kí ló máa sọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn na lẹ́tà sí ọ̀gá, wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, mo ń wá ibi IT.” Ọ̀gá á ní, “A ò gbà mọ́.” Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí tiyín sọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Poli ni mo wà, iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń kọ́. Mo máa ń bá bàbá mi ṣe wáyà ilé bí a bá wà ní ìsinmi. Mo lè gé páìpù, mo lè fa wáyà, mo lè lo míta. Ohun tí mi ò tíì mọ̀, tí mo fẹ́ wá kọ́ lọ́dọ̀ yín, ni bí wọ́n ṣe ń tún mọ́tò iná ńlá wé. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dán mi wò fún ọ̀sẹ̀ kan.”

Ẹ wò ó, nǹkan mẹ́ta ló sọ: ohun tó lè ṣe, ohun tó fẹ́ kọ́, àti iye ìgbà tó máa lò. Kò tọrọ àánú. Ó ń polówó ọjà ni, ọjà náà sì ni ara rẹ̀. Ta ló mọ ìpolówó ju ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lọ? Ẹ ní kó polówó ara rẹ̀ níwájú yín nílé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ ṣe bí ọ̀gá. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ̀yin ò ní lè lé e padà, ó ti tó jáde nìyẹn.

Bó bá ti wọlé, kó kọ logbook rẹ̀ lálaalẹ́. Kó má dúró di òpin ọ̀sẹ̀, torí ohun tí a ò kọ sílẹ̀ ń fò lọ ni. Kó má kàn kọ pé “a tún ẹ̀rọ ṣe.” Kó kọ ohun tó bàjẹ́, ohun tó bà á jẹ́, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, àti irinṣẹ́ tí wọ́n lò. Kó ya àwòrán rẹ̀ bó bá lè yà á. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin tàbí tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ ńlá, kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó bo ojú rẹ̀. Bọ́tì kò wọ́n tó ojú.

OWÓ Ń KỌ́?

Owó díẹ̀ kan wà tó máa ń jáde fún àwọn ọmọ láti ọ̀dọ̀ ITF, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fún ọmọ ní owó ọkọ̀, àwọn mìíràn ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹ má fọkàn sí i.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦1,000 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16 jẹ́ ₦80,000. Ibo ló ti máa wá? Ẹ jẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ alájọ wá. Bẹ́ ẹ bá ń dá ₦500 lóòjọ́, tí alájọ yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, oṣù tó bá ní ọjọ́ 31 yóò fún yín ní ₦15,000. Oṣù mẹ́fà á ju ₦85,000 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń mú ₦200 wá nínú òwò ẹ̀pà rẹ̀, ẹ̀yin á kàn fi ₦300 kún un ni. Yunifásítì ni tirẹ̀? Oṣù mẹ́fà ni, kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ KÍYÈ SÍ ÀWỌN WỌ̀NYÍ

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun tó fi ọmọ yín síbi IT, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ ni ọmọ fẹ́ lọ ṣe, kì í ṣe ilé ló fẹ́ háyà.

Àwọn òbí kan tún wà tó ń fún èèyàn lówó kó buwọ́ lu logbook ọmọ tó jókòó sílé. Ẹ ń tan ara yín jẹ ni. Ọmọ náà ṣì máa kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ tí wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bó bá tilẹ̀ yè é lọ́dọ̀ olùkọ́, kò lè yè é lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Ọ̀gá tó bá ní kó wá rí òun ní ibi ìkọ̀kọ̀ kóun tó buwọ́ lùwé, kì í ṣe ọ̀gá. Ẹ sọ fún un pé kó sọ fún yín lọ́jọ́ náà, kó sì sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó IT níléèwé. Bó bá sì sọ fún yín, ẹ má bi í pé irú aṣọ wo ló wọ̀. Ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ dìde.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ ONÍṢẸ́ ỌWỌ́, ẸNU YÍN LỌ́RỌ̀ KÙ SÍ

Bí ọmọ Poli bá yọjú sí sọ́ọ̀bù yín nígbà ìsinmi, ẹ má lé e. Ẹ má sọ pé, “Ṣé ìwé tó o kà kò tó ọ ni?” Kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Òun náà lè bá yín ṣètò ìwé owó yín, ó lè bá yín ya àwòrán iṣẹ́ sí fóònù fún oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn. Pàṣípààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi sọ́ọ̀bù yín ṣe IT gan-an, kó kọ́kọ́ béèrè níléèwé bóyá wọ́n á gbà á, torí iléèwé ló ní àṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí fún ìyá yín nínú ìsọ̀, a mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ má tijú ìsọ̀ yẹn. Owó tó gbé yín dé Poli, inú rẹ̀ ló ti jáde. Ọgbọ́n tó pa owó náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì tán. Bí ìsinmi bá dé, ẹ fi fóònù sápò, ẹ gba ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ sì jókòó ti ìyá yín.

Ìyá tàbí bàbá tó bá ti rán ọmọ lọ sí IT, kó kọ lẹ́tà sí wa, kó sọ bó ṣe rí fún wa. Ọ̀gá tó ti gba ọmọ Poli sí sọ́ọ̀bù rẹ̀ náà, kó kọ̀wé, kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní ṣókí. Ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.